Kí Sòbìà Tó Degbò



Àwọn àgbà ló ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe ni à á ké sí. Gbogbo wa la mọ òwe náà, a sì máa ń pa á fún ẹni tí ó bá ń fi ọ̀ràn falẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe ọmọ ogún ọdún kan ní Mọ́níyà lónìí, tí ẹ bi í pé kí ni sòbìà, ó ṣeé ṣe kí ó máa wò yín bí ẹni pé èdè àjèjì ni ẹ ń sọ. Òwe ṣẹ́ kù, àrùn ti lọ. Báwo ni ó ṣe lọ? Ta ni ó lé e? Ìtàn tí mo mú wá lónìí nìyẹn. Ó sì yẹ ní gbígbọ́, nítorí pé a lé sòbìà lọ láìsí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan, àti láìsí oògùn kankan tí ó lè pa á nínú ara ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé fún àwọn tí kò rí i rí. Aràn funfun ni sòbìà, ó rí tín-ín-rín bí okùn, ó sì lè gùn tó 60 sí 100 sẹ̀ǹtímítà. Inú ara ni ó ti ń dàgbà, ẹni tí ó gbé e kò sì ní mọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ibì kan á wú lára onítọ̀hún, pàápàá ní ẹsẹ̀. Á lé ròrò, á sì máa jó o bí iná. Bí ròrò náà bá bẹ́, orí aràn á yọ. A kì í fà á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ó bá já sínú, ibẹ̀ á wú, á sì di egbò ńlá. Ńṣe ni à ń wé e mọ́ igi kékeré kan, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, títí yóò fi jáde tán. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹlòmíràn a sì ní méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Sòbìà kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń pa iṣẹ́ ènìyàn. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń pọ̀ jù, nígbà tí odò ti fà, tí adágún ti kéré. Ìgbà náà gan-an ni àgbẹ̀ ń ṣán oko tí ó ń múra de òjò. Ẹni tí sòbìà bá dè mọ́lẹ̀ ní àkókò yẹn, òjò á dé bá a lórí ẹní, ilẹ̀ rẹ̀ á sì wà ní igbó. Bí bàbá bá dùbúlẹ̀, tí ìyá náà dùbúlẹ̀, ta ni yóò kọ ebè? Ní ọdún 1987, ìwádìí kan tí UNICEF ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń pàdánù lọ́dọọdún nítorí sòbìà nìkan. Àwọn ọmọ iléèwé náà kò yọ sílẹ̀. Ìwádìí mìíràn tí a tẹ̀ jáde ní 1986 sọ pé ọmọ tí sòbìà bá mú lè pàdánù nǹkan bí ìdámẹ́rin ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni àwọn baba wa rò pé ó ń fa sòbìà? Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ó ti wà nínú ara gbogbo ènìyàn láti ìgbà tí a ti bí i, gẹ́gẹ́ bí iṣan ṣe wà, àti pé nǹkan kan ni ó ń rú u sókè tí ó fi ń jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó mu omi ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn èyí. Ọdún kan gbáko wà láàárín. Ta ni yóò ronú kan omi tí ó ti mu láti ọdún kan sẹ́yìn? Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo abúlé ni ó ń mu omi kan náà, tí ó mú lágbájá tí kò mú tàmẹ̀dù, ó rọrùn láti sọ pé ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni.

Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Alexei Fedchenko ni ó rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 1870. Ohun tí ó rí nìyí. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń jó aláìsàn, yóò wá omi tútù ti ẹsẹ̀ bọ̀. Bí ó bá ti ẹsẹ̀ bọ inú adágún, sòbìà yóò tú ọmọ rẹ̀ jáde sínú omi náà lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn kòkòrò omi wẹ́wẹ́ kan yóò gbé àwọn ọmọ aràn yìí mì. Ẹni tí ó bá wá bu omi adágún náà mu yóò mu kòkòrò náà mọ́ ọn. Kòkòrò yóò kú sí ikùn, ṣùgbọ́n ọmọ aràn kò ní kú. Yóò gba inú ara lọ, yóò dàgbà, yóò sì tún yọ ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀. Ayípo ni: láti ẹsẹ̀ dé omi, láti omi dé ẹnu, láti ẹnu padà sí ẹsẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ ayípo yìí ti mọ ibi tí a lè gé e. Bí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ kò bá wọ omi mímu, a ti gé e. Bí a bá sẹ́ omi kí a tó mu ún, a ti gé e. Bí a bá gbẹ́ kànga tí a mọ odi yí i ká tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè dé inú rẹ̀, a ti gé e. Ìmọ̀ náà ti wà nínú ìwé láti nǹkan bí 1870. Èéṣe nígbà náà tí sòbìà fi tún bá wa gbé fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ? Nítorí pé ìmọ̀ tí ó wà nínú ìwé kò tíì dé etí odò.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìjọba ṣe ń bá àrùn jà láyé àtijọ́. Àwọn àgbà inú wa kò ní gbàgbé wolé-wolé. Bí wolé-wolé bá ti yọ lókèèrè, àwọn ìyá á sáré gbá àgbàlá, wọn á da omi àmù tí tanwíjí wà nínú rẹ̀ nù, nítorí ẹjọ́ àti owó ìtanràn. Iṣẹ́ wọn wúlò, ó mú ìmọ́tótó wọ ìlú. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ó gbé e ró. Nígbà tí wolé-wolé bá kọjá tán, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìdí tí a fi ní kí wọ́n da omi náà nù.

Òfin kò sì lè ṣe gbogbo iṣẹ́. Ẹ rántí ọ̀ràn Ṣọ̀pọ̀ná, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Olóde nítorí ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rù. Dókítà Ògúntọ́lá Sápárà, ọ̀kan nínú àwọn dókítà wa ìṣáájú, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà náà láti mọ bí àrùn ṣe ń ràn. Ní 1917, ìjọba fi òfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀ná. Síbẹ̀, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún tí a ti ṣe òfin, àrùn náà ṣì wà nílẹ̀ yìí. Búpá ni ó lé e. Láti 1967 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí bu apá fún ènìyàn kárí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a sì ń wá ilé tí àrùn bá yọ sí láti bu apá fún gbogbo àwọn tí ó yí i ká. Ní 1970 a rí èyí tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní 1980 Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde pé àrùn náà ti tán láyé.

Ṣùgbọ́n sòbìà kò ní búpá. Ẹni tí ó mú lọ́dún yìí, ó tún lè mú un lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí ara kì í kọ́ bí a ti ń bá a jà. Nítorí náà, bí a kò bá lè gbẹ́kẹ̀lé òfin, tí a kò sì ní abẹ́rẹ́, kí ni ó kù? Ènìyàn ni ó kù. Ó di dandan kí ẹni tí ń pọn omi mọ ohun tí ó wà nínú omi náà, kí ó sì gbà á gbọ́.

Agbègbè Ìbàdàn wà lára ibi tí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1942 ni omi Ẹlẹ́yẹlé bẹ̀rẹ̀ sí sun fún àwọn ará ìlú, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kì í ṣe ìgboro nìkan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ní ilé nílé, wọ́n sì ní abà lóko. Láti Mọ́níyà, níbi tí olú-ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé wà, tí ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti ọ̀nà Ìjàyè sí Ìsẹ́yìn ti pínyà, abúlé àti abà ni ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Omi ẹ̀rọ kò dé gbogbo wọn. Ní 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Kale ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí sòbìà ṣe ń ṣe àwọn ará agbègbè Ìbàdàn. Ẹ wo ohun ìyanu: kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá tí a ń pè ní UCH, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà, aràn kan tí a lè fi asẹ́ dá dúró ṣì ń dá àgbẹ̀ dúró sí ilé.

Yunifásítì náà ti ní ibùdó kan ní Ìgbò-Ọrà láti 1963, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń bá àwọn ará Ìbàràpá gbé láti mọ ìlera ìlú. Nítòsí ibẹ̀ ni Ìdèrè wà. Ẹ̀rọ omi ti wọ Ìdèrè rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, omi ẹ̀rọ kò sun déédéé mọ́, àwọn ènìyàn padà sí adágún, sòbìà náà sì padà sí ẹsẹ̀ wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí n óò tún kàn án: kì í ṣe ẹ̀rọ omi ni ó ń lé àrùn, omi tí ó ń sun nínú rẹ̀ ni.

Ní nǹkan bí 1980 síwájú, William Brieger, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń kọ́ni nípa ẹ̀kọ́ ìlera ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí, jókòó ti àwọn ará Ìdèrè. Wọn kò gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ dání. Wọ́n bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa sòbìà, wọ́n sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú tí àwọn ènìyàn fúnra wọn yàn láti máa ṣe iṣẹ́ ìlera láàárín ara wọn. Wọ́n mú aṣọ ọ̀rá kan wá, tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò omi kò lè gbà á kọjá, síbẹ̀ tí omi ń yára gbà á kọjá ju aṣọ òwú lọ. Àwọn télọ̀ ìlú ni ó rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìlú ni ó tà á fún àwọn aládùúgbò wọn. Ohun tí a fi owó rà lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀, a kì í sábà fi í nu tábìlì.

Síbẹ̀ ìṣòro kan kù, èyí tí àwọn ará Mọ́níyà yóò tètè lóye. Ẹni tí ó ní asẹ́ nílé lè má gbé e lọ sí abà. Ó sẹ́ omi fún oṣù mẹ́ta nílé, ó lọ sùn lóko fún ọ̀sẹ̀ kan, ó bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ mu nínú oòrùn ọ̀sán, ó sì gbé sòbìà padà wálé. Iṣẹ́ ìlera tí ó bá parí sí ìgboro kò tíì bẹ̀rẹ̀. Dandan ni kí ó tẹ̀lé àgbẹ̀ dé ìdí ebè.

Láti àwọn ibi kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo Nàìjíríà. Ní 1985 àwọn onímọ̀ pàdé ní Ìlọrin láti jíròrò lórí sòbìà nìkan. Ní 1986 Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé kí a pa á run, Jimmy Carter, ẹni tí ó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, sì gbé iṣẹ́ náà lé ara rẹ̀ lórí. Ní 1988 ètò tí yóò lé sòbìà kúrò ní Nàìjíríà fìdí múlẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti wà ní ipò mínísítà ètò ìlera. Wọ́n kọ́kọ́ kà á láti abúlé dé abúlé. Iye tí wọ́n rí lé ní 650,000 ènìyàn. Kí wọ́n tó kà á, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí sòbìà dè mọ́lẹ̀ kì í lè rìn dé ilé ìwòsàn tí a ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, abúlé kọ̀ọ̀kan tí sòbìà wà ní ẹnì kan tí ń ṣọ́ ọ. Bí ròrò bá yọ lára ẹnikẹ́ni, ẹni náà á di egbò rẹ̀, á bẹ̀ ẹ́ kí ó má wọ odò, á sì ròyìn lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n pín asẹ́, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n sì da oògùn tí ń jẹ́ Abate sí adágún ní ìwọ̀n tí ń pa kòkòrò omi tí kò sì pa ẹni tí ó mu omi náà lára. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba wa nígbà kan, bẹ̀rẹ̀ sí wọ abúlé lọ, ó ń bá àwọn ọba, àwọn baálẹ̀ àti àwọn gómìnà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gbẹ́ kànga fún àwọn ènìyàn wọn.

Iye náà ń já bọ̀. Ní 2005 ó ti di 120 ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 2006 ó di 16. Ọ̀pọ̀ yóò ti máa wí pé ó parí. Ṣùgbọ́n ní 2007 ó tún fò sókè di 73. Iná tí a kò pa tán, ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń dúró dè. Wọn kò jókòó. Wọ́n tún fi kún ìṣọ́ náà. Ní oṣù kọkànlá 2008, a rí sòbìà tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí a wá a tí a kò rí i, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2013 pé ilẹ̀ wa ti bọ́. Ní gbogbo ayé, iye tí a fojú bù sí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ní 1986 ti di ènìyàn 14 péré ní 2023.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún wa? Èmi rò pé òun nìyí: àrùn tí ń ràn kì í lọ nítorí pé ìjọba pàṣẹ tàbí nítorí pé ẹ̀rọ dé. Ó ń lọ nígbà tí ẹni tí ó wà létí odò bá mọ ìdí ohun tí ó ń ṣe, tí ó ní ohun èlò tí yóò fi ṣe é, tí ẹnì kan nítòsí sì ń ṣọ́ ọ kí ó má dẹwọ́. Bí ọ̀kan bá yọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àrùn á padà, bí ó ti padà sí Ìdèrè nígbà tí ẹ̀rọ omi gbẹ.

Sòbìà ti lọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà omi tí ó gbà wọlé ṣì ṣí sílẹ̀. Àrùn onígbáméjì, tí ó kọ́kọ́ ya wọ orílẹ̀-èdè yìí ní ìparí 1970, ọ̀nà omi ni òun náà ń gbà. Ní 2021 nìkan, iye àwọn tí a fura pé ó pa ní Nàìjíríà lé ní 3,500. Òun kì í dúró di ọdún kan kí ó tó yọ. Ó lè pa ènìyàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó mọ́. Mọ́níyà sì ti ń dàgbà. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin Èkó ti ń sọ èrò kalẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ó jẹ́ oko lánàá ti di ilé, ọ̀pọ̀ onílé sì ń gbẹ́ kànga tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó gbẹ́ kànga, ẹ jẹ́ kí a bi aládùúgbò léèrè ibi tí ṣáláńgá rẹ̀ wà. Kí kànga ní ìdérí, kí odi rẹ̀ ga, kí okùn àti korobá rẹ̀ má máa wọ́ nílẹ̀. Bí ìgbẹ́ ọ̀rìn bá mú ẹnì kan lójijì, ẹ fún un ní omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ní ìwọ̀n tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ni, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. Ẹ má fi pamọ́. Ìròyìn tí ó tètè dé ni ó pa sòbìà.

Olúgànbe tí a ń ké sí nínú òwe wa, ewé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé tí sòbìà máa kúrò nílẹ̀ yìí, aládùúgbò ẹni ni a ké sí: télọ̀ tí ó rán asẹ́, ìyá tí ó sẹ́ omi, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gun kẹ̀kẹ́ lọ ròyìn ní ìjọba ìbílẹ̀. Irú wọn ṣì wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí a tètè máa ké sí wọn, kí ó tó degbò.